Ọjọ́ Karùn-ún Òní

Ẹrẹ̀ ọ̀nà abúlé Isaba ló gba bàtà mi. Mo gbọ́ bó ṣe dún, fọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi jáde lásán, bàtà sì dúró sísàlẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀, bí òjò bá sì ti rọ̀ sí i, ńṣe ló máa ń di ẹsẹ̀ èèyàn mú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì fà á, àwọn àbúrò mi méjèèjì sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà tó ṣíwájú wa kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn gbóhùn sókè láàárín àgbàdo.

"Má fà á. Yí i díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀, á fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀."

Mo yí i, ó sì jáde. Inú bí mi pé ó mọ ohun tí mò ń ṣe láìwò mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé mo gbọ́n jù ú lọ.

Bàbá tó bí ìyá mi ni. Ìyá mi kú nígbà tó bí àbúrò mi kejì, Pàpá tó bí wa sì ti lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, ó ń bá wọn kọ́lé níbẹ̀. Àwa ọmọ mẹ́ta wà lọ́dọ̀ Bàbá àgbà ní Pobẹ̀, nínú ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi páànù bò. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń fa ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ láti igun kan dé èkejì, òun náà ló sì ń gbẹ́ ihò tí wọ́n ń ri òkúta ààlà sí. Kò sí oko láti Pobẹ̀ dé Sakété tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ̀. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó máa ń rùn bí tábà àti ọṣẹ dúdú, ó sì lè wà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kó má sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ.

Lọ́dún náà, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, Pàpá pè lórí fóònù aládùúgbò wa. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìnnà wa, pé kí ọdún kan tó pé òun á wá kó wa lọ. Bàbá àgbà gbọ́ ọ tán, ó dá fóònù padà fún ẹni tó ni ín, ó dúpẹ́, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì ló lọ sọ fún olùkọ́ wa pé a ò ní wá mọ́.

Olùkọ́ kò gbà. Ó tọ̀ ọ́ wálé nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹfun lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ba ayé àwọn ọmọ yìí jẹ́ ni? Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí ló gbawájú nínú ìṣirò ní gbogbo kíláàsì mi!"

Bàbá àgbà kọ́kọ́ fún un lómi mu. "Mùsíè, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́ wọn. Níbi tí wọ́n ń lọ, kàyé wà níbẹ̀, bíìkì tí wọ́n fi ń kọ̀wé wà níbẹ̀. Ilẹ̀ yìí ni kò sí níbẹ̀. Ọdún kan péré sì ni mo ní."

Olùkọ́ mu omi náà tán, ó mi orí, ó lọ. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì rí i dájú pé Bàbá àgbà ń gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ọmọ Kàyé, nítorí pé gbogbo ibi tí a bá lọ ni mo máa ń gbé kàyé mi, ìwé tí mo fi ń ṣe ìṣirò, dání, kí ó lè mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi.

Bí ọdún ìrìn wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí oòrùn tó yọ, a ti wà lọ́nà. Ní Towé, ó mú wa dúró síbi tí àwọn obìnrin ti ń se epo, ó ní ká dijú, ká sọ fún òun ìgbà tí òórùn ẹyìn tútù bá di òórùn epo. Ní Agidi, a jókòó sábẹ́ àtíbàbà àwọn tó ń yan gààrí, ariwo igbá lórí agbada ń lọ ṣàà, ṣàà, èéfín sì ń mú omi bọ́ lójú wa. Nínú igbó tó wà létí ìlú Pobẹ̀, ó ní ká má sọ̀rọ̀ títí a ó fi gbọ́ ohùn ẹyẹ mẹ́fà tó yàtọ̀ síra. Àbúrò mi kékeré gbọ́ mẹ́jọ, ó sì búra pé òun ò purọ́. Bàbá àgbà kọ́ wa láti mọ pèrègún tí wọ́n gbìn sí ààlà yàtọ̀ sí èyí tó kàn hù. Ó kọ́ wa láti fi ẹsẹ̀ wọn oko, ká sọ iye rẹ̀, ká tún un wọ̀n.

Èyí tó fẹ́ràn jù ni pé a ó máa lọ, lójijì á dúró sáàárín ọ̀nà, á ní, "Ó yá, ẹ mú mi relé." Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀yìn wa lá máa tẹ̀ lé láìsọ ọ̀rọ̀ kan, bí a tiẹ̀ ń ṣìnà. Lọ́jọ́ kan a ṣìnà débi pé a bọ́ sáàárín abúlé kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. Obìnrin kan tó ń gé gbágùúdá kí i, ó ní, "Bàbá, ibo lẹ kó àwọn ọmọ wọ̀nyí ń lọ nínú oòrùn yìí?" Ó dáhùn pé, "Ẹ bi àwọn ọ̀gá mi." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí èmi ni ọ̀gá tó ṣìnà.

Mi ò ní purọ́, ọdún náà sọ mí di àdáwà. Láàárọ̀, bí a bá ń jáde nílùú, a máa ń pàdé àwọn ẹgbẹ́ mi nínú aṣọ kakí wọn, wọ́n ń lọ síbi tí mo fẹ́ lọ. Níbẹ̀rẹ̀ wọ́n máa ń pariwo orúkọ mi. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ọwọ́ ni wọ́n ń jù sí mi. Nígbà tí òjò padà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń kọjá lọ bí ẹni tí kò rí wa. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún mi, òun náà sì ti bá ìyá rẹ̀ kó lọ sí Towé.

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ó ń ṣe Bàbá àgbà náà bẹ́ẹ̀. Mo kàn máa ń rí i pé àwọn ibì kan wà lọ́nà tí á ti ṣí fìlà, tí á dúró díẹ̀, tí á tún dé e padà, tí a ó sì máa lọ. Bí mo bá bi í, á ní atẹ́gùn lòun ń gbà.

Ìjà kan ṣoṣo tí a máa ń jà ni ti kíka ọjọ́. Ọjà kan wà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, ó sì máa ń sọ pé ọjọ́ márùn-ún ló wà láti ọjà dé ọjà. Mo ṣí kàyé, mo fà á ní ìlà-ìlà, mo fi hàn án pé mẹ́rin ni.

"Ẹ ń ka òní mọ́ ọn, Bàbá. Wọn kì í ka òní. Ọ̀la lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀."

Ó wo kàyé náà dáadáa. "Ta ló sọ pé òní kì í ṣe ọjọ́?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

"Ó dáa, Ọmọ Kàyé. Máa ka tìrẹ, kí n máa ka tèmi."

A sì ń kà á bẹ́ẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni lára fún ọ̀pọ̀ oṣù, torí pé òun ló ń jí wa ní gbogbo ọjọ́ tí a bá fẹ́ jáde.

Lẹ́yìn náà Pàpá tún pè. Ìwé ti jáde. Ó ní kò sí ọjọ́ tí òun kò lè wọlé, ká máa múra sílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà Bàbá àgbà pè wá jókòó, ohun tí kì í ṣe.

"Ó ku ọ̀nà kan tí a ò tíì rìn. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba Agidi lọ sí Sakété. Nǹkan kan wà lójú ọ̀nà náà tí mo fẹ́ fi hàn yín. Ti ìyá yín ni."

Àbúrò mi bi í pé kí ni. Ó ní ká dé ibẹ̀ ná.

"Orúnkún ń dùn mí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ọjọ́ karùn-ún òní, a ó lọ."

Mo wọlé, mo kà á bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọjọ́rú, ọ̀kan. Ó já sí ọjọ́ Àìkú.

Nítorí náà, nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo rí i pé Bàbá àgbà ti jáde, mo ní àyè ṣí sílẹ̀ fún wa. Mo fẹ́ lọ dágbére fún ọ̀rẹ́ mi ní Towé. Mo tún fẹ́ ṣe fáárí díẹ̀, kí n mú àwọn àbúrò mi lọ kí n sì mú wọn bọ̀ láìsí àgbàlagbà kankan lọ́dọ̀ wa. Mo sọ fún aládùúgbò wa pé a máa dé nírọ̀lẹ́. A rìn, a kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju gbogbo ọjọ́ ọdún náà lọ, ohun tó sì ń dùn mí jù títí di òní nìyẹn.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a padà. Bàbá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ bàtà tó fi ń rin ọ̀nà jíjìn, àpò rẹ̀ wà léjìká, ọ̀pá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Àkàrà tó jáde lọ rà fún ìrìn wà nínú ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, epo rẹ̀ ti dì. Kò tíì tú okùn bàtà láti àárọ̀.

"Bàbá, ṣebí ọ̀la ni?"

Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó fi ìka kà á fún mi láìbínú. Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀. Ẹtì. Àbámẹ́ta. Ìka márààrún pé.

"Kò burú," ó ní. "A ó lọ lọ́la. Ẹ wá jẹ àkàrà yín."

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó bọ́jú tán, ọkọ̀ dúró síwájú ilé. Pàpá sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, pé a gbọ́dọ̀ dé Kùtọnu kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọkọ̀ náà ti kún fún ẹrù àwọn mìíràn tó ń lọ. Mo retí pé Bàbá àgbà á bá a jiyàn. Ó kàn gbé àpótí wa, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó fà á wò bóyá ó dúró.

Mo sún mọ́ ọn létí, mo bi í pé kí ni nǹkan ọ̀hún, ibo gan-an ló wà.

"Bí mo bá sọ ọ́, o ò ní dá a mọ̀. Ó dìgbà tóo bá dé."

Ọ̀nà ọlọ́dà la gbà. Nígbà tí a kọjá ní Sakété, mo tẹ ojú mọ́ gíláàsì, mò ń wá ohun tí mi ò mọ̀ kiri. Ní ọdún kẹta tí a dé Gàbọ́ọ̀nù ni wọ́n pè wá pé Bàbá àgbà ti sùn, kò sì jí.

Mo ti padà wálé báyìí, Sakété ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Mo ti bi gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tí ó sọ fún. Àwọn kan ní bóyá igi tó gbìn nígbà tí wọ́n bí ìyá mi ni. Aládùúgbò wa àtijọ́ ní bóyá ilẹ̀ kékeré kan tó rà fún un ni. Ẹnì kan ní bóyá kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé arúgbó náà kàn fẹ́ rìn pẹ̀lú wa lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Bí àyè bá yọ, mo máa ń mú àwọn ọmọ mi, a ó fi ẹsẹ̀ gba ọ̀nà náà láti Sakété lọ sí Agidi, a ó tún padà. Ọ̀pẹ wà níbẹ̀, tí òmíràn ti dàgbà, tí òmíràn ti tẹ̀. Pèrègún wà, òkúta wà tí koríko ti bò, kànga kan wà tí kò lómi mọ́. Àwọn ọmọ mi ti mọ bí mo ṣe ń ṣe, wọn kì í bi mí mọ́. Nítorí pé mi ò mọ èwo nínú wọn ló jẹ́ ti ìyá mi, gbogbo wọn ni mo máa ń dúró kí.