Táyà Méjì fún Ọ̀nà Yìnyín

Òórùn rọ́bà gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ìsọ̀ táyà mi ní Kofar Kware, ní Sókótó. Nígbà tí òjò bá ti dá tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, àwọn tòkunbọ̀ tí mo tò síta a máa gbóná débi pé àkísà la fi ń dì wọ́n mú. Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Kánádà, pè mí. Ó ti ra ọkọ̀, yìnyín sì ń bọ̀ lọ́nà. "Bọ̀ọ̀dá mi, iṣẹ́ yín rèé. Táyà wo ni kí n lò?"

N kò rí kí yìnyín bolẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo mọ táyà rẹ̀ dáadáa, nítorí ó máa ń bá tòkunbọ̀ wá. Àwòrán òkè àti yìnyín máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀, òtútù kì í mú kó gan, ìyẹn ló fi ń di ilẹ̀ mú. Níbí, ọ̀dà títì wa tó gbóná ń jẹ ẹ́ bí ìgbà tí omi ń jẹ ọṣẹ ni, mo sì ti kìlọ̀ rẹ̀ fún oníbàárà títí ẹnu fi fẹ́ bó mi. Mo ní, "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó o fi sí i, kí gbogbo wọn jẹ́ irú kan náà."

Ó ní, "Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ní méjì tó. Iwájú ṣáà ni ẹ́ńjìnnì ti ń fà á."

"Iwájú á dúró, ẹ̀yìn á máa yọ̀ lọ. Ṣé o fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ ṣáájú orí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò kúkú rí yìnyín rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún pè é lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ya fọ́tò táyà ránṣẹ́, mo gba ohùn mi sílẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù títí ó fi há. "Mo ti gbọ́, sà," kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà mi kan, Málàmù tó jókòó tì mí, ní, "Haba! Ṣe sùúrù." Kò mọ irú olóríkunkun tí ìyá wa bí.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ ní Sókótó nígbà tó pè mí pẹ̀lú ẹkún. Níbi kọ́nà kan, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, iwájú ọkọ̀ di ilẹ̀ mú, ẹ̀yìn gbá lọ, ọkọ̀ sì yí bírí bí òkòtó, ó kó sínú kòtò yìnyín. Tírélà tó ń bọ̀ fi díẹ̀ báyìí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò fara pa. Mo ní Alhamdulillahi, mo jókòó sórí táyà. Mo fẹ́ máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n lo táyà yìnyín."

Kai! Mo pariwo mọ́ ọn pé mẹ́rin ni mo wí, kì í ṣe méjì, débi pé ará ìsọ̀ kejì sáré wá. Àárín ariwo yẹn ni omijé bọ́ lójú mi.

Ó ra méjì tó kù lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ohun tó sọ nípa yìnyín ló ń bí mi nínú. Àṣé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ká ní Runjin Sambo nílùú wa níbí ló ń gbé ni, ǹ bá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó jìnnà, ẹnu nìkan la ní fún un. Ìgbà tó yá ló tó jẹ́wọ́ pé òun ti ra méjì yẹn kí òun tó pè mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òun kàn fẹ́ kí n sọ pé òun ṣe dáadáa ni. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé táyà wo ni kí òun rà, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé ṣé kò tíì rà á.