Ọkọ Tó Lẹ̀ Mọ́ Ikùn Ẹja

Ìyá mi, Ọmọ́yẹlé, kì í gbé ẹja onídọ̀tí sórí ààrò. Kó tó yan ẹja, á yẹ ikùn rẹ̀ wò dáadáa. Kòkòrò yòówù tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, á gé e dànù. Kò sẹ́ni tí ẹja rẹ̀ ń tà tó tirẹ̀ ní gbogbo Ode Mahin. Ẹ jẹ́ kí n yangàn, ìyá mi ni.

Nígbà tí òkun gbé ilé bàbá mi Jọọlá lọ ní Ayétòrò, ilé tí ìyá mi kọ́ sí Ode Mahin ló kó wá. Làwọn aláròká bá ń pè é ní ọkọ abẹ́ ìyàwó. Sunday, àbúrò bàbá mi, ló burú jù. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó wá mú un lọ sí Igbokoda, kó lọ gba yàrá, kí ìtìjú lè tán. Bàbá mi ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi mú ọ̀bẹ, ó kọjú sí ẹja rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Godspower, tó ń bá ọkọ̀ apẹja ńlá ṣiṣẹ́, ti kó ẹja wálé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀kan burẹ́wà láàárín wọn: ó dúdú bí èédú, ẹnu gbàǹgbà, eyín rẹ̀ dà sínú, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìwọ̀ sì yọ níwájú orí rẹ̀. Ìyá mi rí ohun kékeré kan tó so mọ́ ikùn rẹ̀, ló bá gbé ọ̀bẹ sí i.

"Ìyá, ẹ má gé e! Ọkọ rẹ̀ nìyẹn!" ni mo kígbe.

Bàyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nísàlẹ̀ òkun tí oòrùn ò dé, àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń tanná lórí ọ̀pá yẹn. Ẹja tó bá tọ iná náà wá di oúnjẹ. Imú ni akọ rẹ̀ tó kéré yìí fi ń wá abo kiri. Tó bá rí i, á gé e jẹ, kò ní jáwọ́ mọ́, títí awọ wọn á fi lẹ̀ pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wọn á di ọ̀kan. Abo ló ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láìsí akọ, ẹyin abo ò lè di ọmọ.

Sunday bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi gan-an rèé!"

Bàbá mi nawọ́ sí ẹrù rẹ̀.

Ìyá mi ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó kọjú sí Sunday. "Ọkọ mi kékeré, ẹ gbọ́. Nígbà tí mi ò ní ààrò, tí mi ò ní ilé, Bàbá Godspower wá mi kiri, ó sì rí mi. Ulí gha, ilé wa, nìyí, kì í ṣe ilé mi nìkan."

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Bàbá mi wo ẹja náà títí.

"Sunday, máa lọ," ó ní. "Èmi ti gé e jẹ, mi ò ní jáwọ́ mọ́."

Ó tú ẹrù rẹ̀, ó sì lọ koná sí ààrò.