Ilé Wa Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bèèrè

Àtíìsì ni mí. Ẹ má rò pé àwọn tó ń ya àwòrán òkè àti odò ni mò ń sọ o. Lẹ́tà ni èmi ń kọ. Pátákó ilé ìwé, ara ọkọ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ rí láti Sùúrùlérè títí dé Mùṣín. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sórí rọ́bà dé, iṣẹ́ wa wọmi. Ẹni tó bá fẹ́ pátákó lónìí, kó tó di ọ̀la wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ fún un. Mi ò kórìíra ẹ̀rọ náà tó bí mo ṣe kórìíra àwọn tó ń lò ó, nítorí wọn ò mọ̀ pé àlàfo tó yẹ kó wà láàárín A àti Y kì í ṣe irú èyí tó yẹ kó wà láàárín H àti I.

Ara ògiri nìkan ni ẹ̀rọ ò lè gbà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá wọ àdúgbò wa láti ìkòríta, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa kà lára ilé bíi mẹ́sàn-án: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Òyìnbó ni wọ́n ń fi kọ ọ́ ní àwọn àdúgbò mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tiwa ní Yorùbá làwọn fẹ́. Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀, ọ̀dà pupa, pẹ̀lú òjìji dúdú lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ń mú àwọn èèyàn kọ ọ́. Èèyàn á lọ sìnkú nílé, kó tó dé, oníjìbìtì kan ti ta ilé rẹ̀ fún ẹni méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń ra ilé àtijọ́ wó, tí wọ́n ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin sí ojú ilẹ̀ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ àdúgbò wa, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ó di nǹkan àpọ́nlé. Ẹni tó bá ní kí n wá kọ ọ́ sára ògiri òun, ohun tó ń sọ fún gbogbo àdúgbò ni pé wọ́n ti wá bẹ òun, òun sì kọ̀. Wọ́n máa ń dúró tì mí bí mo bá ń kọ ọ́, wọ́n á máa sọ irú mọ́tò tí àwọn tó fẹ́ rà á gbé wá.

Kò sẹ́ni tó gbé mọ́tò kankan wá sílé tiwa.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ṣe búlọ́ọ̀kù ilé náà nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ilé ilẹ̀ ni, yàrá mẹ́fà tó dojú kọ ara wọn, páànù tó ti pọ́n lórí. Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa àti ìyá mi là ń gbé ibẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé Mùṣín, la jọ jogún rẹ̀. Àwa méjì péré ni bàbá wa bí.

Ní òdìkejì wa gan-an ni ilé ọkùnrin kan tí a jọ dàgbà wà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tiwọn, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lókè, fèrèsé onípákó, àti òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe lókè ẹnu ọ̀nà. Láti kékeré ló ti máa ń ní ohun tí mi ò ní. Nígbà tí gbogbo wa ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà, bàbá rẹ̀ ra aláwọ fún un. Nígbà tí mo ra kẹ̀kẹ́, ó ra alùpùpù. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ti ń jowú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mo kàn rò pé mo ti dàgbà kúrò níbẹ̀ ni.

Ọjọ́ tó ní kí n wá kọ ọ̀rọ̀ náà sára ògiri òun ni mo mọ̀ pé mi ò tíì dàgbà kúrò níbì kankan. Ó gbé àga tì mí, ó jókòó, ó ń mu tíì.

"Àtíìsì, jẹ́ kó tóbi o. Kí wọ́n lè rí i láti inú mọ́tò. Jíìpù méjì ni wọ́n gbé wá lánàá. Mo ní mi ò tà. Wọ́n ní àwọn á tún padà wá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni mo wí, mo ń ro ọ̀dà pọ̀.

"Kò tán síbẹ̀ o. Àwọn ọmọ kan tún wá láti Yábàá, àwọn tó ń kọ́ nípa ilé kíkọ́. Wọ́n ní irú ilé wa yìí ò pọ̀ mọ́, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ìtàn ni. Wàhálà rèé! Ẹni tó fẹ́ wó o ò jẹ́ kí n sinmi, ẹni tí ò fẹ́ kí n wó o ò jẹ́ kí n sinmi." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá wo òdìkejì. "Tiyín ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Wọ́n ń bọ̀," ni mo wí.

Nígbà tí mo parí iṣẹ́, mo dúró lójú títì, mo wo ilé bàbá mi. Àwọn tó ń wó ilé ò rí i. Àwọn tó ń gba ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wó o náà ò rí i. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n irú gbígbó tí ẹnikẹ́ni ń wá yà ní fọ́tò kọ́ ló gbó. Mo wọlé, mo jókòó sídìí oúnjẹ, mo bá ìyàwó mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Iyọ̀ ọ̀hún ò sì pọ̀.

Àwọn ọmọ Yábàá yẹn padà wá lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú kámẹ́rà. Gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n fi wà níwájú ilé òdìkejì. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sórí títì kó lè ya òdòdó sìmẹ́ǹtì yẹn dáadáa. Mi ò rí i rí kí ẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀ fún ilé. Mo gbọn ṣòkòtò mi, mo lọ bá ọmọbìnrin tó dà bí ọ̀gá wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé tiwa náà ti pẹ́ o. Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe búlọ́ọ̀kù rẹ̀."

"Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ó dáa, ó dáa gan-an," ni ọmọ náà wí. Ó fi kámẹ́rà ńlá sílẹ̀ lọ́rùn, ó yọ fóònù lápò, ó sì yà á. Ẹyọ kan ṣoṣo. Kò tilẹ̀ wò ó bóyá ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn onílé pe ìpàdé sí ilé ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, òun ni alága wa. Alága ní kò yẹ kí onílé kan máa dá tà, pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ilé kan bá wó, òjìji pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yóò máa bo àwọn tó kù. Ìyá kan tó ni ilé igun dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀, ṣé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

"Ọba nìyẹn, Màmá," ni ọkùnrin òdìkejì wa dáhùn. "Bí tèmi bá wó, ìlú wo ló máa bá mi kọ́ ọ?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó tún wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó bí ìtàn, pé ilé àtijọ́ ni ìrántí àdúgbò. Mo nawọ́. Mo fẹ́ sọ pé ilé tí ò ní òdòdó lójú náà ní ìrántí, pé kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀ kí wọ́n tó máa sọ èyí tó yẹ kó dúró. Alága fi ohùn tútù dá mi lóhùn:

"Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tí wọ́n ti wá bá ná."

Kò ní ìkà nínú. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Tí n bá sì sọ òótọ́, ká ní wọ́n ti wá bẹ̀ mí, bóyá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yẹn ò ní wá sí mi lọ́kàn rárá.

Ní àárọ̀ Sátidé kan tí ìyá mi lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé àkàbà wá, mo sì kọ ọ́ sára ògiri wa. ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Mi ò tíì kọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo jẹ́ kó fi ìbú ọwọ́ kan tóbi ju ti òdìkejì lọ, mo sì fi funfun gba etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ọkùnrin náà sọdá wá bá mi kí n tó fọ búrọ́ọ̀ṣì tán.

"Wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ yín náà? Àwọn wo ni?"

"Àwọn tó wá sọ́dọ̀ rẹ, kékeré ni wọ́n jẹ́ lára wọn."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ògiri náà pẹ́, ó ní, "Ó dáa," ó sì padà sílé rẹ̀. Áà, ó dùn mọ́ mi! Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń jáde síta láìní ibi tí mò ń lọ, kí àwọn èèyàn lè kí mi.

Ìyá mi kò kí mi. Nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó dúró kà á, ó sì fi ìka kan ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀gbọ́n mi dé láti Mùṣín, ó bá mi ní yàrá ìyá wa. Kò jókòó.

"Ta lo fẹ́ ta ilé bàbá wa fún?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dáadáa. Kì í ṣe títà ni mo kọ."

"Ṣé òmùgọ̀ ni mí ni? Ẹni tí wọn ò bá tíì bá sọ̀rọ̀ kì í kọ ọ́. Àwọn wo ló wá bá ọ? Kí lo ti tọwọ́ bọ̀? Tí o bá ti tọwọ́ bọ nǹkan kan, mo fi Ọlọ́run búra, màá kó màmá lọ sí Mùṣín lónìí, àá pàdé ní kóòtù, ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ á sì wá ilé gbé."

Mo rí i pé kò ṣeré. Ohun méjì ló wà níwájú mi: kí n di olè lójú ẹ̀gbọ́n mi, tàbí kí n fẹnu ara mi sọ ohun tí mi ò lè sọ fún ìyàwó mi pàápàá.

"Kò sẹ́ni tó wá. Gbogbo ilé ni wọ́n bèèrè, wọn ò bèèrè tiwa. Ojú ló ń tì mí."

"Irọ́ ni!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Òótọ́ ló ń sọ," ni ìyá mi dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n bá."

Àwa méjèèjì yíjú sí i.

"Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ dé, kí wọ́n tó wọ ilé kankan ládùúgbò yìí. Àbúrò rẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní ilẹ̀ wa ló gùn jù lọ dé ẹ̀yìn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má padà wá, mo ní kí wọ́n lọ wo ilé òdìkejì." Ó dojú kọ mí. "Èmi ni mo bí ọ. Tí o bá gbọ́ pé tiwa ni wọ́n fẹ́ ju ti ọkùnrin òdìkejì lọ, wàá tà á, torí kó lè gbọ́ iye rẹ̀."

Ó yẹ kí ojú tì mí. Ó pàpà tì mí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn. Ohun tó kọ́kọ́ dé ni ayọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ dé! Tiwa ló gùn jù! Àṣẹ́kù wa ni wọ́n gbé jíìpù méjì lọ bá. Mi ò mọ̀gbà tí mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà, sí òdìkejì.

"Ṣé o rí ojú rẹ̀?" ni ìyá mi wí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó tọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó fa àpò ọ̀rá tí ìwé ilé wà nínú rẹ̀ jáde, ó sì nà án sí i. "Gbé e lọ sí Mùṣín. Kódà bí mo bá kú, má gbé e padà wá síbí."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ń retí kí n jiyàn. Mo sìn ín dé ìkòríta, mo bá a dá kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró, ó sì fi ìwé ilé bàbá wa há abíyá wọ inú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ò tíì lọ tán tí mo fi ṣẹ́rí padà, tí mo lọ kan ilẹ̀kùn ọkùnrin òdìkejì, mo sì sọ fún un pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ dé.