Rẹ̀mílẹ́kún Kó Ọmọ Ajá Lọ Sóko

Èmi kò fẹ́ràn ajá. Kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ajá ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ bàtà tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, ẹsẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tí Rẹ̀mílẹ́kún ẹ̀gbọ́n mi fi ọmọ ajá ṣe ní Ìmàṣàyì, bí mi ò bá sọ ọ́, ẹnu á máa yún mi.

Opó ni ẹ̀gbọ́n mi. Oko ẹ̀gẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń jẹun, òun àti Ayọ̀dàmọ́lá, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaròó. Lọ́dún kan, ọ̀yà ya wọ oko náà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Wọ́n gé ẹ̀gẹ́ nídìí, wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n ba ìyókù jẹ́. Gaàrí tó rí yan lọ́dún náà kò tó nǹkan.

Ni Báyọ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀, bá gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé lọ, ìyẹn olórí ẹbí wọn. Ọdẹ ni Báyọ̀, ó sì lájá. Ó ní kí wọ́n fún òun ní oko náà, pé obìnrin kan ṣoṣo kò lè ṣọ́ oko tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Báyọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó kàn jẹ́ irú ẹni tó máa ń rí nǹkan níbi tí ẹni tó ni ín jókòó tì í, tí á tún ní ta ló ni ín.

Bàbá ronú títí. Wọ́n ní, "Rẹ̀mílẹ́kún, ọdún kan sí i ni mo fún ọ. Bí ọ̀yà bá tún jẹ ẹ́, Báyọ̀ ni yóò máa dá oko yẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Èmi ni inú ń bí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Tanímọ̀la, ajá ẹ̀gbọ́n mi, bí ọmọ mẹ́fà. Ajá ta ló gùn ún? Ajá Báyọ̀ ni. Láàárín tiwọn níbẹ̀, ẹni tó ni akọ ló máa kọ́kọ́ yan ọ̀kan nínú ọmọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹni tó ni ìyá yóò tó mú tirẹ̀, kó tó fi ìyókù ta àwọn tó tọrọ lọ́rẹ. Méjì péré ni ẹ̀gbọ́n mi lágbára láti bọ́. Ẹ ò rí nǹkan? Ajá tó máa gba oko náà là wà nínú mẹ́fà yìí, ẹni tó ń wá oko náà ló sì máa kọ́kọ́ nawọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tó dára jù pamọ́ sọ́dọ̀ mi ní Ìlaròó."

Ó ní, "Kí n torí oko jalè? Jẹ́ kó mú tirẹ̀."

Mo pòṣé.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà já lẹ́nu ọmú, Báyọ̀ dé. Ó ń fi awọ ẹ̀yìn ọrùn gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ké gbajare. Aláwọ̀ pupa kan tó sanra jù gbogbo wọn lọ kò pariwo rárá. "Èyí tí kò bá ké ni akin," ni Báyọ̀ wí, ló bá gbá a mọ́ àyà. Ibi tó ti ń jáde lọ ni ẹ̀kẹfà ti ń rá pálá bọ̀ látẹ̀yìn ọgbà, òun tínínrín, jànkárìwọ̀ lórí. Bó ti máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn. Yóò lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ.

Báyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, tètè fi eléyìí tọrẹ o. Alárìnká ni. Ọ̀kadà ni yóò pa á."

Gbogbo àdúgbò ló gba ẹ̀gbọ́n mi nímọ̀ràn pé kó mú akọ méjì tó sanra. Èmi náà wà lára wọn. Lọ́jọ́ kejì, ó kó márààrún sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e rù, ó kọrí sóko, mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú àdá àti omi. Ó kó wọn sílẹ̀ láàárín ebè, níbi tí ọ̀yà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá. Ó gbé àpò rẹ̀ sábẹ́ igi, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí lẹ ń ṣe gan-an?"

"Ilé ni gbogbo yín ti ń yan ajá. Ṣé ilé ni ọ̀yà ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ mi?"

Àwọn alára ńlá méjì náà rọ́ mọ́ra wọn, wọ́n ń sunkún. Ẹ̀kẹta ń lé labalábá. Alárìnká fimú ti ilẹ̀, ìrù rẹ̀ le gan-an, ó sì wọgbó lọ. A retí rẹ̀ títí. Mo ní ejò ti gbé e jẹ. Àfi bó ṣe yọ láti ọ̀nà mìíràn, koríko tí ọ̀yà gé jẹ kù wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Òùngbẹ wá ń gbẹ mí. Mo ní kí n mú omi nídìí àpò. Abo dúdú kékeré kan ti dùbúlẹ̀ lé àpò náà, ló bá gbó mi, ó sì ki ìró mi mọ́lẹ̀.

"Ẹ gba ajá yín lára mi o!"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Àbúrò mi, wọ́n ti yan ara wọn." Ojú ẹsẹ̀ ló sọ alárìnká ní Ẹ̀yìnlàárò, ó sọ abo ní Ilélàbọ̀. Ajá tó bá ti lórúkọ, a kì í fi tọrẹ mọ́. Àwọn mẹ́ta tó kù lọ sí Ìdógò àti Ayétòrò.

Láti ìgbà náà, oko ni àwọn méjèèjì dàgbà sí. Ilélàbọ̀ ń gbó nídìí ahéré, Ẹ̀yìnlàárò ń lé. Ẹran ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ mi ní Ìlaròó, yíyan, pẹ̀lú ata. Bàtà mi tí wọ́n jẹ, mo ti jẹ ẹ́ padà.

Ọjọ́ tí ọdún pé, Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé fẹsẹ̀ ara wọn wá sóko. Báyọ̀ tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú ajá pupa rẹ̀. Bàbá ń rìn láti ebè dé ebè, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ̀gẹ́, títí wọ́n fi dé ìdí pèrègún tó wà ní ààlà. Wọn ò rí ibi tí eyín kàn.

Ìgbà náà gan-an ni Ilélàbọ̀ gbó. Ẹ̀yìnlàárò ta kíjí, ó di inú igbó. Ajá pupa dìde lábẹ́ òjìji, ó wọ àárín ẹsẹ̀ Báyọ̀ lọ jókòó. Nígbà tí Ẹ̀yìnlàárò máa padà, ọ̀yà ńlá ló wọ́ bọ̀. Ó kọjá lára Bàbá, ó kọjá lára Báyọ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. "Báyọ̀, òótọ́ lo sọ. Ajá rẹ kì í ké." Wọ́n wá wojú rẹ̀. "Oko Rẹ̀mílẹ́kún nìyí. Ẹni tó bá tún bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi àti olúwarẹ̀ ni."

Mo hó yèè! Mo tú gèlè, mo fi gbàjá, mo jó yí ebè ká. Ẹ̀gbọ́n mi ń nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, Báyọ̀ fokùn fa abo ajá tirẹ̀ wá. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní Ẹ̀yìnlàárò lòun fẹ́ kó gùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Nígbà tí àwọn ọmọ náà já lẹ́nu ọmú, ta ló máa kọ́kọ́ yan? Mo ti Ìlaròó wá wòran.

Báyọ̀ kó wọn jáde, ó ti nawọ́ sí ọrùn ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọkọ mi, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bá wa wá apẹ̀rẹ̀."

Báyọ̀ wò ó, ó wò mí, ó lọ wá apẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kó wọn sí i, òun ló gbé e rù. Bá a ṣe la Ìmàṣàyì kọjá lọ́sàn-án gangan nìyẹn: Ẹ̀yìnlàárò níwájú, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé e, Báyọ̀ ọdẹ ru ọmọ ajá tó ń ké lórí, èmi wà lẹ́yìn, mò ń rẹ́rìn-ín láìbo ẹnu. Àwọn ènìyàn ń béèrè ibi tá à ń lọ.

Mo ní, "Oko ẹ̀gbọ́n mi ni."