Ìpè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Pe Ọlọ́pàá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má dá a lẹ́bi. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ló ti ń pariwo borí máṣíìnì, ó sì ti mọ́ ọn lára. Bó bá kí èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù, ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á dáhùn. Èmi àbúrò rẹ̀ tí mo ń bá a gán bọ́tìnnì, mo ti sọ ọ́ títí, ó ti sú mi.

Ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́rin ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, ìyá wa sì ń gbé lókè. Ibi àtẹ̀gùn tí gbogbo ayálégbé ń gbà kọjá ni àwọn ọmọkùnrin kan sọ di ilé bàbá wọn. Wọ́n á fọ́ ìgò síbẹ̀, wọ́n á tọ̀ sára ògiri, wọ́n á tú ajá sí àwọn ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀. Èmi ni mo sọ olórí wọn ní Ọ̀gá Àtẹ̀gùn, inú ikùn mi ni mo sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ kú?

Ọlọ́pàábìnrin kan ti wá bá wa sọ̀rọ̀ rí, pé ká máa pe àwọn bí a bá rí ìwàkiwà, pé kò pọn dandan ká dárúkọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì nìkan ló pè. Kò pẹ́ tí òkúta fi gba ojú fèrèsé wọlé bá a, wọ́n sì yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé òun ni, a ò mọ̀. Láti ìgbà náà, bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ilẹ̀ là ń wò. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ohun tí gbogbo wa ń wí nìyẹn, ojo lásán-làsàn.

Àfi ìgbà tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ ìyá wa. Wọ́n ń jù ú síra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a máa fi rí màmá, màmá ti tọ̀ sára. Ẹ̀gbọ́n mi wẹ̀ fún màmá, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé ó máa pe ọlọ́pàá. Bó bá sì hàn pé àwa ni, ara màmá ni wọ́n ti máa gbẹ̀san.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìnkùlé, oníbàárà kan wá wọ aṣọ rẹ̀ wò. Ìyá Ọ̀gá Àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀ ni. Oníbàárà ni, ṣé kí n lé e ni? Mo mú un lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, mo fi abẹ́rẹ́ mú ẹsẹ̀ aṣọ náà sókè, mo ní kó dúró kí n mú ṣọ́ọ̀kì wá. Bí mo ṣe jáde báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé, ó ti ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ó kí wọn kú iṣẹ́, ó béèrè àlàáfíà ilé wọn. Ó ní lóòótọ́ wọ́n ní káwọn má dárúkọ, ṣùgbọ́n òun kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí olè, òun ni aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé báyìí-báyìí. Mo ń ju ọwọ́, mo ń nàka sí kọ́tìnì. Ó rò pé mo ń lé eṣinṣin. Ó ṣàpèjúwe ọmọkùnrin náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, títí kan ilé tí wọ́n bí i sí. Nígbà tó ṣe tán, ó ní wọ́n ti ń bọ̀, inú rẹ̀ dùn.

Kọ́tìnì ṣí. Ẹyin lohùn, tiwa ti balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí obìnrin náà, ó jókòó gbà-á sórí àpótí. Èmi kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mo ní ìyá wa ti darúgbó, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́n. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà tòun ti abẹ́rẹ́ lára aṣọ, ó yọjú wo apá àtẹ̀gùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mo ní ó parí.

“Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń bọ̀?” ló béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ pè wọ́n, ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n lè pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dúró síbí títí wọ́n á fi dé. Bí ọmọ mi bá wo ojú mi, á mọ̀ pé mo gbọ́.”

Ibi tó sọ ọ́ dé nìyẹn tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn.

“Màámi,” ohùn tí gbogbo wa mọ̀ ló pè láti ìta, “ṣé ẹ ò tíì ṣe tán ni?”

Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú, àwa méjèèjì ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n mi.