Àwo Búrẹ́dì Níwájú Ìyá Mi

Òórùn tábà tí wọ́n lọ̀ mọ́ káún ni òwúrọ̀ máa ń gbé wọ inú yàrá wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí àwọn ewúrẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwo gbo ilẹ̀kùn ilé ìdáná, Ìyá mi á ti wà lẹ́yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn. Wọ́n á fi àtàǹpàkò bu áṣáà díẹ̀ sí ihò imú, wọ́n á sín lẹ́ẹ̀kan. Nínú pálọ̀, Bàbá mi á ti ṣí Bíbélì sórí itan. Tí wọ́n bá gbọ́ sísín náà, wọ́n á ní, “Ẹ jẹ́ ká dúró de ìyá yín.” Ìyá mi á wọlé pẹ̀lú ojú tó pọ́n, wọ́n á kúnlẹ̀ sídìí àga. Èmi àti Ìbídùn àbúrò mi á sì máa ṣe bí ẹni tí kò gbóòórùn kankan.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ìwó á rántí pé áṣáà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nígbà náà. Ọmọ ìjọ ò gbọdọ̀ mutí, kò sì gbọdọ̀ fẹnu tàbí imú kan tábà. Ìyá tó bí Ìyá mi ló fi áṣáà kọ́ wọn ní Olúpọ̀nnà, nígbà tí eyín ń dùn wọ́n ní ọmọbìnrin, kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi sì ni díákónì. Lọ́dọọdún, tí ìsọjí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí oníwàásù bá ní kí ẹni tó fẹ́ yí padà jáde síwájú, Ìyá mi á jáde. Wọ́n á sunkún. Tí a bá délé, wọ́n á da áṣáà sínú ṣáláńgá. Fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara wọn á máa gbọ̀n, wọ́n á máa jágbe mọ́ wa lórí ohun tí kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà, a ó tún gbọ́ sísín lẹ́yìn ilé.

Ní ọjà Odò-Orí, níbi tí Ìyá mi ti ń ta ẹ̀wà àti gàrí, Ìyá Sàlámọ̀ ló pààlà pẹ̀lú wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, àwọn náà ń fín áṣáà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí Ìyá mi na agolo áṣáà sí wọn.

“Ẹ gbà. N ò fín in mọ́.”

Ìyá Sàlámọ̀ rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú. “Ẹ tún ti ronú pìwà dà nìyẹn? Ẹ gbé e wá, kí n bá yín tọ́jú ẹ̀ di Ọjọ́bọ̀.”

“Ẹ dà á nù ni mo wí.”

“Kí n dà á nù kẹ̀? Ìyá Délé, ẹ̀yin náà lẹ ó tún wá máa ṣépè fún mi pé mo ba nǹkan yín jẹ́.”

Ìyá mi bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń lọ sílé, wọ́n ń yára rìn níwájú mi títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ló le jù. Ọjọ́ yẹn la máa ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, Bàbá mi ló sì máa ń gbé àwo búrẹ́dì kiri apá ibi tí Ìyá mi ń jókòó sí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń dá a lẹ́bi kò ní mú. Á kàn mi orí, àwo á kọjá. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè, kò sì sẹ́ni tí kò ní rí i. Bàbá mi á dé ìlà wa, wọ́n á na àwo, Ìyá mi á mi orí, Bàbá mi á kọjá. Mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ lẹ́yìn wa pé, “Díákónì ń bọ́ ìjọ, ebi ń pa ìyàwó ẹ̀.” Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá sín nínú kíláàsì, wọ́n á ní, “Délé, ìyá ẹ ń pè ẹ́.” Èmi náà ń bínú sí Ìyá mi. Mo ti jáwọ́ nínú ìka mímu nígbà náà, mo sì rò pé ọ̀kan náà ni. Lójú mi, ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ á jáwọ́.

Ìgbà kan wá tí Ìyá mi jáwọ́ ní tòótọ́. Ó lé ní ọdún kan tí òwúrọ̀ wa kò ní òórùn kankan bí kò ṣe ti ògì àti èéfín. Wọ́n ń mú búrẹ́dì nínú àwo. Wọ́n sanra díẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní balùwẹ̀. Ọyẹ́ ọdún yẹn ni èéyi mú Ìbídùn. A rò pé yóò lọ bó ṣe ń lọ lára àwọn ọmọ yòókù. Kò lọ. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin ín sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ sísín náà.

Bàbá mi jáde lọ bá wọn. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Bàbá Délé, ẹ fi mí sílẹ̀,” ni Ìyá mi wí. “Mo ti tọrọ àforíjì títí ojú fi ń tì mí. Ọlọ́run náà á ti mọ ohùn mi, ọ̀rọ̀ mi á ti sú u.”

Bàbá mi ò bá wọn wí. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa tí a bá kùnà nínú ìdánwò: “Ẹni tó ṣubú lójú ọ̀nà oko, ojú ọ̀nà oko náà ló ṣì wà.”

“Oko wo?” ni Ìyá mi dáhùn. “Ọmọ mi ni mo rí nílẹ̀ níbí. N ò rí oko.”

Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yọ.

Oṣù bí i mélòó kan kọjá, àwo sì ń kọjá pẹ̀lú wọn. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá mi lọ́jọ́ tí Bàbá mi dúró. Wọ́n na àwo, Ìyá mi mi orí, Bàbá mi ò kúrò. Ìyá mi tún mi orí, tagbáratagbára lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn díákónì yòókù ti parí ìlà tiwọn, wọ́n ti padà síwájú. Dùùrù dákẹ́. Pásítọ̀ wo ọ̀dọ̀ wa, ó sì wolẹ̀. Mo rí i tí búrẹ́dì ń rìn nínú àwo lọ́wọ́ Bàbá mi.

“Ẹ máa lọ,” ni Ìyá mi sọ lábẹ́ ohùn. “Ẹ má dójú tì mí.”

“Kì í ṣe ilé mi ni wọ́n ti se é,” ni Bàbá mi wí. “Ká ní oúnjẹ mi ni, mo lè ní kí o dúró. N ò ní àṣẹ láti fi dù ẹ́. Ìwọ náà ò ní àṣẹ láti fi du ara ẹ.”

Ó pẹ́. Ẹnì kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà Ìyá mi na ọwọ́, wọ́n mú èyí tó kéré jù nínú àwo, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé.

Ká ní ìwé ọmọdé ni mò ń kọ ni, áṣáà ì bá parí lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, wọ́n sín. Mo sunkún lórí ẹní. Bàbá mi ní ká dúró de Ìyá mi, ohùn wọn ò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Títí Ìyá mi fi kú, wọ́n ń jáwọ́, wọ́n ń padà. Àkókò tí wọ́n fi ń jáwọ́ ń gùn sí i, èyí tí wọ́n fi ń padà ń kúrú. N ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwo ò tún kọjá wọn mọ́.

Morẹ́nikẹ́ ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ níwèé, tí n kò fẹnu kan ọtí títí irun mi fi funfun, ọtí ni mo fi ń sùn báyìí. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń jáwọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá gbé abọ́ kan ṣoṣo sórí tábìlì, mo ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi ń lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mi orí. Ọmọ tí mo kọ́ níwèé ni díákónì tó ń gbé àwo wá sí ìlà mi. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, ó máa ń yára kọjá. Morẹ́nikẹ́ tí ì bá dúró níwájú mi tí kò ní kúrò, òun ni mo sin.

Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, mọ ohun púpọ̀ dájú. Ká ní ó rí mi lánàá ni, ì bá sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tí èmi mọ̀ báyìí ò pọ̀. Bàbá mi dúró, ṣùgbọ́n wọn ò fi búrẹ́dì sí Ìyá mi lẹ́nu. Ìyá mi ló na ọwọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé Ọjọ́ Ajé ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí la ó tún jẹ Oúnjẹ Olúwa. Mo ti ń wo ọwọ́ mi láti àárọ̀. Ó wúwo.