Ìgò Tí Ìyá Fi Gèlè Wé

Òórùn fọ́málínì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, ta mọ́ mi nímú nílé ìwòsàn lánàá, mo sì rántí ọ̀sán kan nílé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Dókítà gbé ìgò kan jáde: ìfun tí wọ́n gé lára bàbá mi ló wà nínú rẹ̀.

“Ẹ gbé e fún mi, ilé la ó sin ín sí,” ni ìyá bàbá mi wí.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká fi mọ ìdí àrùn yìí,” ni dókítà dáhùn.

Ìyá tú gèlè rẹ̀, ó fi wé ìgò náà bí ọmọ tuntun, ó sì dá a padà fún dókítà. “Kí òtútù má mú un o.”

Títí a fi dé ilé wa ní Ìpele, mo ń béèrè ìgbà tí ìfun bàbá máa padà wálé.

Ohun tó wà nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé àjogúnbá ni àrùn náà. Ìyẹn ni wọ́n fi tètè rí àrùn náà lára èmi náà.